Ìkòkò Ìyá Kúdí Nínú Ìṣirò Ọgbọ̀n Ọdún

Ní àdúgbò Pedro l'Ékòó tí mò ń gbé báyìí, obìnrin kan wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní òun gbọ́ pé iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì ni kí n máa sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sún mọ́ ọn. Ó ní kí n jọ̀ọ́, òun ò fẹ́ kó jìnnà tó ọgbọ̀n ọdún, nọ́ńbà lọ́tìrì tó máa jáde ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan lòun fẹ́ mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Inú bí i, ó lọ, kò sì kí mi mọ́ títí di òní.

Kì í ṣe òun nìkan. Ìyá tó bí mi kú láì mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ṣadé mi ń ṣiṣẹ́ iná," àwọn èèyàn á sì ní kó bá àwọn bẹ̀ mí kí n mú iná padà sí àdúgbò àwọn. Torí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ro ohun tẹ́ ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la iṣẹ́ náà yé yín. Ìjọba tó bá fẹ́ mọ iye iná mànàmáná, gáàsì, kẹrosíìnì àti igi ìdáná tí àwọn èèyàn rẹ̀ máa nílò lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún kò lè jókòó dìgbà náà. Láti òní ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń gbé inú ilé? Kí ni wọ́n fi ń dáná? Báwo ni wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i? Àwa la ó kó ìyẹn jọ, a ó wá ṣírò ọ̀nà bíi mẹ́ta tí ọ̀la lè gbà: bí a kò bá yí ohunkóhun padà, bí gbogbo ilé bá bọ́ sórí gáàsì, bí a bá jẹ́ kí oòrùn máa fún wa ní iná. Lẹ́yìn ìyẹn la ó ṣírò èéfín tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa tú sójú ọ̀run, nítorí èéfín yẹn ló ń mú ayé gbóná, tó sì ń mú kí omi ọ̀sà máa wọlé tọ àwọn ará Bàrígà. A kì í sọ pé báyìí ló máa rí. Ohun tí à ń sọ ni pé bẹ́ ẹ bá gba ibí, ọ̀hún lẹ máa já sí.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni, ìjọba tuntun sì fẹ́ ètò lórí gbogbo nǹkan. Mo ti gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, mo wà nílé àwọn òbí mi ní Fádèyí, mò ń jẹ ẹ̀bà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí mo gbọ́ pé Dókítà Ṣóbándé ń wá òṣìṣẹ́. Owó oṣù náà kéré. Mo gbà á.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣómólú ni ọ́fíìsì wa wà, láàárín àwọn atẹ̀wé. Nísàlẹ̀ wa, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ pákó wa sì ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé báírò kì í dúró lórí tábìlì. Àwọn atẹ̀wé máa ń ta bébà ńláńlá tó bàjẹ́ lápá kan fún wa, apá kejì rẹ̀ la ti ń ṣírò, a ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní. Ọ̀gá máa ń fi aṣọ bò ó bí ẹni ń bo ọbẹ̀ nítorí eṣinṣin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ọ̀gá Ṣóbándé. Kò ga, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ti bàbá mi lọ. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó fún mi ní òṣùwọ̀n, ó ní kí n lọ máa wọn èédú obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní ẹnu ọ̀nà wa: kí n wọ̀n ọ́n kó tó dáná, kí n wọn èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tó bá palẹ̀ mọ́. Èmi tí mo gba oyè! Àwọn atẹ̀wé a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ṣé wọ́n ti sọ mí di ọmọ ọ̀dọ̀ oníbọ̀ọ̀lì ni. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń wọ̀n ọ́n.

Bí mo bá kọ nọ́ńbà sínú ìwé, Ọ̀gá á fi báírò pupa rẹ̀ kàn án, á bi mí pé, "Ta ló ni nọ́ńbà yìí?" Gbogbo nọ́ńbà gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó sọ ọ́ tàbí ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo mú nọ́ńbà kan látinú ìwé àwọn òyìnbó, mo fi dí àyè kan tó ṣófo. Ó wò ó, ó ya bébà náà sí méjì, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Ṣadé," ó ní, "ẹni tó kọ ìwé yìí, ṣé ó mọ Ṣómólú?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó ti jẹun ní ilé ẹnikẹ́ni níbí rí?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, kò ní nọ́ńbà kankan níbí."

Mo sunkún lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tó kọ́ mi ni ti ìkòkò. Ó ní bí mo bá dé ilé kan, n kò gbọdọ̀ gba ohun tí ẹnu sọ nìkan. Kí n ní kí wọ́n fi ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ alẹ́ hàn mí, kí n fi tépù wọn ẹnu rẹ̀, kí n béèrè iye kóńgò ìrẹsì tàbí èlùbọ́ tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. "Ẹnu máa ń tijú," ó ní. "Ìkòkò kì í tijú."

Ìgbà tí mo lo ọdún kan àti ààbọ̀ níbẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá dé. Ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ká ṣírò ọgbọ̀n ọdún fún Ṣómólú àti Bàrígà, pé ibẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe àpẹẹrẹ ibi tí èrò ti pọ̀. Ìṣirò wa yìí náà ni wọ́n máa wò láti mọ bí tiransifọ́mà tí wọ́n máa gbé sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣe máa tóbi tó. Àwa mẹ́ta ni Ọ̀gá pín iṣẹ́ náà fún. Ọ̀nà tó lọ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà ló kàn mí.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí a máa kó iṣẹ́ sílẹ̀ sì ń sún mọ́lé. Ilé àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ni ti Ìyá Kúdí. Ẹja ló ń yan. Ààrò rẹ̀ wà lábẹ́ búkà pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, èéfín ti mú kí ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì gbé orí sókè nígbà tí mo kí i. Mo béèrè ohun tó fi ń dáná, ó dáhùn. Mo béèrè wákàtí tí iná ń wà, ó pòṣé. Ìgbà tí mo wá béèrè iye ọmọ tó wà nínú ilé ló tó wojú mi.

"Ọmọ kí ni? Ṣé ẹran ni wọ́n ni, tí o fẹ́ kà wọ́n?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ìwé ìjọba ló béèrè."

"Kí ìjọba wá bí tiẹ̀. Ìwọ náà, ṣé ìyá rẹ ò kọ́ ẹ ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ìyá mi kọ́ mi. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí nínú ọkàn mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá na ìka sí àwa ọmọ ìyá mi pé ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ìyá mi lè gbá a lẹ́nu. Mo wo àyè tó ṣófo nínú ìwé mi, ojú tì mí bí ẹni wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Mo rántí ìkòkò. Ṣùgbọ́n òjò ń ṣú, ilé pọ̀ níwájú, mo sì ti ń rò ó pé báwo ni n óò ṣe tún sọ fún obìnrin yìí pé kó lọ gbé ìkòkò wá fún mi wọ̀n, kó má lé mi jáde. Mo dúpẹ́, mo kúrò. Ìgbà tí mo dé igun ọ̀nà ni mo kọ mẹ́rin.

Ilé kejì sọ bẹ́ẹ̀. Ilé kẹta ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Mo kọ mẹ́rin. Nígbà tí mo fi máa parí òpópónà náà, kò sí ilé tí mo bi ní iye ọmọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò béèrè ìkòkò kankan. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Níbi tó yẹ kí n kọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà, mo kọ orúkọ ìyálé ilé kọ̀ọ̀kan.

A gbé iṣẹ́ náà sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ìlà tó fi ọ̀nà mẹ́ta ọ̀la hàn yọ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n rẹwà. Ọ̀gá wò wọ́n títí, ó fi ọwọ́ lé ìlà etí ọ̀sà.

"Àwọn ará Bàrígà yìí ń jẹun kéré o," ó ní.

Mo ń to bébà jọ.

"Ṣadé, o rí ìkòkò?"

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù nísàlẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ìlù rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

"Mo rí i, sà."

Ó wò mí díẹ̀ sí i, ó wá fọwọ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé náà, kì í ṣe tèmi. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ gba iṣẹ́ wa, wọ́n yìn wá. Nígbà tó yá, wọ́n gbé tiransifọ́mà kan wá sí etí ọ̀sà, èyí tó bá iye tí a kọ mu. Àwọn èèyàn jó yí i ká. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, Ọ̀gá ní kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń lo iná náà. Mo rò pé nǹkan kan ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo lọ. Wọn ò tíì rí iná fún ọjọ́ mẹ́ta, ó wá jẹ́ pé bí mo ṣe ń wọ òpópónà náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n mú un dé. Ariwo ayọ̀ sọ láti ilé dé ilé. Gbogbo ilé tan ohun tí wọ́n ní lẹ́ẹ̀kan náà: fáànù, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, áyọ́ọ̀nù. Mo dúró wo tiransifọ́mà náà. Ó ń kùn. Kíkùn náà ń ga sí i, mo rí òróró tó ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀, mo sì mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Ó bú gbàmù. Wáyà kan já, ó ta iná bí ó ṣe ń bọ̀, ó balẹ̀ sórí búkà Ìyá Kúdí. Iná mànàmáná ti kú lórí wáyà náà, ṣùgbọ́n pákó tí òróró ẹja ti wọ̀ fún ọdún gbọọrọ kò nílò ju ìṣáná kan lọ. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ iná ti mú ògiri ilé.

Àwọn ọkùnrin tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà sáré gòkè pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ṣíwájú wọn ń jẹ́ Múfù, àlejò ni wọ́n ní àdúgbò náà, iṣẹ́ ló gbé wọn wá. Ọmọ mẹ́rin sáré jáde nínú ilé, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń ké pe ìyá wọn. Ìyá wọn ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ra ẹja. Múfù mú èyí tó dàgbà díẹ̀ nínú wọn lápá, ó ń bi í bóyá ẹnikẹ́ni ṣì wà nínú ilé, ọmọ náà ń sunkún ṣáá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, tó rántí mi, wá nawọ́ sí mi.

"Àǹtí Oníwèé! Ẹ̀yin lẹ kọ àwọn ilé yìí sínú ìwé. Ọmọ mélòó ló wà nílé yìí?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹnu mi ti là kí n tó ronú.

"Mẹ́rin."

"Wọ́n ti pé!" Múfù pariwo. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ gba ilé kejì sílẹ̀!" Wọ́n sì yí padà.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo dúró síbẹ̀, ọkàn mi fẹ́ balẹ̀ pé àwọn ọmọ ti pé. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin èèyàn mi, fún bí ìṣẹ́jú kan, èmi náà gba irọ́ mi gbọ́. Mo ti rí i nínú ìwé, lórí ògiri, nínú kọ̀ǹpútà, lórí ìwé tí Ọ̀gá fọwọ́ sí, tó bẹ́ẹ̀ tó dà bíi pé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi. Ìgbà náà ni mo rí ìkòkò. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń gbẹ. Ọmọdé méjì lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ìyá kankan láyé tó ń fi irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ se oúnjẹ ọmọ mẹ́rin.

Mo bú sẹ́kún. "Irọ́ ni! Múfù, ẹ padà! Irọ́ ni! Èmi ni mo kọ ọ́, mi ò kà wọ́n! Àwọn kan ṣì wà níbẹ̀!"

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ń fà á, mo ń nawọ́ sí ìkòkò. N kò mọ ohun tó rí lójú mi. Ó da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sórí ara rẹ̀, ó wọlé, àwọn méjì tẹ̀ lé e. Iyàrá ẹ̀yìn ni àwọn ọmọ náà wà, níbi tí wọ́n ti ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà tí iná dé, tèéfín sì ti dí ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Wọ́n gbé ọ̀kan jáde, òmíràn tún jáde, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ti Ìyá Kúdí àti ti aládùúgbò pọ̀ mọ́ra wọn. Kúdí fúnra rẹ̀, àkọ́bí, ni wọ́n gbé jáde kẹ́yìn. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti bó láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́.

Ìyá Kúdí dé nígbà tí òrùlé ti wó. Ó fò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kó tó gúnlẹ̀, ó ń sáré bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò béèrè ilé, kò béèrè ẹja. Ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Kò kà wọ́n. Orúkọ ni ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró kí oníkálùkù jẹ́, ó tún ń pe èyí tó kàn. Gbogbo wọn ló jẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo wọlé tọ Ọ̀gá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó jágbe. Ó lọ kó ìwé Bàrígà wá, ó gbé báírò pupa rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n pa orúkọ àwọn ìyálé ilé rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo mẹ́rin tó wà níbẹ̀, kí n kọ orúkọ ẹni tó ni wọ́n gan-an. Mo kọ Ṣadé láti àárọ̀ títí ọwọ́ mi fi kú. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ó ní òun gba iṣẹ́ òun padà, pé kò dára. Wọ́n bi í pé àṣìṣe ta ni.

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i," ó ní.

Ó ti jókòó kí n tó dìde. Mo sọ ọ́ fún wọn. N kò rántí gbogbo ohun tí mo sọ, àfi pé mo ní, "Àwọn èèyàn náà ò sọ mẹ́rin. Èmi ni mo sọ ọ́." Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjèèjì fi wá sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ gidi wá sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ọ̀gá kò lé mi. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní ẹni tí iná ti jó mọ ibi tí iná wà.

Ó ní a ó tún etí ọ̀sà kà lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ni n óò sì lọ. Ìyá Kúdí ń yan ẹja ní búkà ìbátan rẹ̀ kan nígbà náà. Mo kúnlẹ̀. Ó yí ẹja lórí ààrò, ó tún yí i.

"Dìde. Ta ló ní kó o parọ́ mọ́ àwọn ọmọ mi?"

"Ẹ ní kí n má kà wọ́n, Mà."

"Mo ní kó o má kà wọ́n. Mi ò ní kó o dín wọn kù." Ó wá wojú mi. "Àwọn tó o fi sílẹ̀ nínú ìwé yẹn, àwọn wo ni nínú wọn? Ṣé Kúdí wà níbẹ̀?"

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, n kò tíì rí ìbéèrè tó le tó ìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n rí ìkòkò rẹ̀. Ó fi ẹnu júwe igun kan. Ìkòkò náà ni, dúdú bíi ti ọjọ́ yẹn. Mo wọ̀n ọ́n. Ó sọ iye kóńgò tó ń gbà. Mo kọ ọ́, mo kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fi àyè iye ọmọ sílẹ̀ ní òfìfo. Bí mo ṣe lọ láti ilé dé ilé nìyẹn. Nígbà tó tó àkókò, wọ́n gbé tiransifọ́mà tó tó wọn lò wá.

Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ilé tí mo bá lọ ni Ọ̀gá máa ń yọ́ lọ lẹ́yìn mi láti tún un wò. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ó dùn mí, mo sì gbà á. Lọ́jọ́ kan ṣáá, mo gbé iṣẹ́ kan fún un, ó béèrè bóyá mo rí ìkòkò, mo ní, "Ilé kan wà tí wọn ò jẹ́ kí n wọ̀, sà. Òfìfo ni mo fi sílẹ̀." Ó mú báírò pupa, ó fọwọ́ sí i níbẹ̀, kò sì lọ wò ó. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún bí ọmọdé.

Irinṣẹ́ wa yí padà lẹ́yìn náà, ó yí padà. Bébà kúrò lára ògiri. Kọ̀ǹpútà di mẹ́ta, ó di mẹ́wàá, ó di èyí tí wọ́n ń gbé sínú báàgì. Ìṣirò tó ń gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ń parí kí tíì tó tutù. Àwọn èèyàn tó wà lórí kẹrosíìnì bọ́ sórí gáàsì, gáàsì wọ́n, wọ́n padà sórí èédú. Kò sí ìlà tó fi ìyẹn hàn wá ṣáájú. Páànẹ́lì tó ń gba oòrùn dé orí òrùlé àwọn tó lówó. Omi ọ̀sà ń sún mọ́lé, a sì ń ṣírò ìyẹn náà. Àwọn ọ̀dọ́ gbé àwòrán tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run wá, wọ́n ní àwọn lè ka ilé láìjáde. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n òrùlé kì í jẹun. Ọ̀gá kú, a sin ín sí Ìjẹ̀bú. Èmi ni mo wá ń mú báírò pupa dání, wọ́n sì ní mo le ju ọ̀gá mi lọ.

Oṣù tí mo máa fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún mìíràn wà nílẹ̀, ìjọba sì ń dúró dè é. Tóbi, ọmọbìnrin tó máa gba ipò mi, ló ń ṣe é. Ó mọ kọ̀ǹpútà, orí rẹ̀ pé. Mo wo apá etí ọ̀sà, gbogbo àyè iye èèyàn ló kún dáadáa.

"Tóbi, ta ló ni àwọn nọ́ńbà yìí?"

"Ah, Mọ́mì, àwọn tí ò dáhùn ni. Kọ̀ǹpútà ò gba òfìfo. Tá a bá fi í sílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ máa ń fi mẹ́rin sí i. Average ni, ìpíndọ́gba àwọn ilé tó kù."

Mo dìde. Mo ní iṣẹ́ náà kò ní jáde. Ó ní ọ̀la ni wọ́n ń retí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa retí. Àwọn tó kù nínú ọ́fíìsì ń wo ilẹ̀. Tóbi ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹnì kan ṣoṣo lórí mílíọ̀nù, kí ló máa yí padà?" Mo ní kó wọ bàtà rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé Bàrígà. Ìyá Kúdí ti darúgbó, kò yan ẹja mọ́, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Tóbi kúnlẹ̀ kí i, ó gbé fóònù tó fi ń kọ nǹkan jáde. Mi ò tètè dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, èèyàn mélòó ló ń gbé pẹ̀lú yín?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ń retí pé Ìyá Kúdí máa bú u bó ṣe bú mi. Ṣùgbọ́n èmi ló ń wò, kì í ṣe Tóbi.

"Ìwọ ò bi mí mọ́?" ó ní.

"Ẹ kọ́ mi kí n má bi yín, Mà."

Ó mi orí. Ó wo inú ilé lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò ti sí ariwo ẹnikẹ́ni. Kúdí wà nílé ọkọ, àwọn tó kù ti fọ́n káàkiri, àwọn kan ti sọdá òkun. Nígbà tó yá, ó yíjú sí Tóbi.

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan. Kí o kọ ọ́ pé èmi fúnra mi ni mo kà á."

Tóbi tẹ ẹ́ sínú fóònù. Omijé ti kún ojú mi, n kò rí ọ̀nà mọ́. Ìyá Kúdí fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Dúró, o ò tíì parí. Wọlé lọ wọn ìkòkò mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan."

Tóbi wọlé. Ìkòkò ńlá náà ló wà lórí sítóòfù gáàsì. Ó kọ méjèèjì, iye èèyàn àti ìwọ̀n ìkòkò, ó kọ orúkọ ẹni tó ni wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Nígbà tó jáde, ó bi mí èwo ni ká fi sínú ìṣirò nínú méjèèjì. Mo ní kó fi méjèèjì síbẹ̀, kí àwọn tó ń gbèrò ọgbọ̀n ọdún mọ̀ pé àwọn ọmọ lè padà wá sílé. Lẹ́yìn tí a pa gbogbo mẹ́rin tí kọ̀ǹpútà fi síbẹ̀ rẹ́, ìwé yẹn ni mo fọwọ́ sí kẹ́yìn.